Ta Ló Ti Ẹ̀rọ Omi Lempi?

Fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, Lempi Harju ló ń fi bọ́ọ̀sì kó àwọn ọmọ ìlú Kettu lọ sílé ìwé, kò sì fi ọmọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì rí. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ní òkè Michigan lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, bí ọmọ ọdún márùn-ún bá sùn lọ lórí ìjókòó ẹ̀yìn, tí awakọ̀ ti ilẹ̀kùn tó gba ilé rẹ̀ lọ, òtútù á ti pa ọmọ náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Nítorí náà, lójoojúmọ́, bí ọmọ tó kẹ́yìn bá ti sọ̀kalẹ̀, Lempi á dìde, á rìn láti iwájú dé ẹ̀yìn, á máa fi ọwọ́ kan ìjókòó kọ̀ọ̀kan. Ó ní ojú a máa purọ́, ọwọ́ kì í purọ́.

Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn. Ẹ fi í sọ́kàn, torí òun ni wọ́n wá fẹ̀sùn ìgbàgbé kàn.

Ilé rẹ̀ wà ní ẹ̀yìn Kettu, nínú igbó, níbi tí omi ìjọba kò dé. Omi kànga ni oníkálukú ń mu. Ti Lempi jìn tó ọgọ́sàn-án ẹsẹ̀ bàtà, pọ́ǹpù wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ń ti omi gòkè wá sínú táǹkì kan ní àjà ilẹ̀ abẹ́ ilé. Onni ọkọ rẹ̀ ló yẹ kó máa tọ́jú rẹ̀, àmọ́ Onni ti fi ọdún méjìlélógún wa irin nínú ilẹ̀, ó sì ti búra pé bí òun bá ti délé, òun kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ihò kankan mọ́. Bí kànga ṣe di ti Lempi nìyẹn. Nígbà tí wọ́n lọ sin ìyá Onni ní Minnesota, ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n lò. Nígbà tí wọ́n fi máa padà dé, iná ti lọ, páìpù ti dì, iná ti padà dé, páìpù ti bẹ́, pọ́ǹpù sì ti da omi kànga sórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Láti ọjọ́ náà títí di ẹ̀yìn ikú Onni, Lempi kò fi ilé sílẹ̀ fún òru méjì láì kọ́kọ́ mú kànga náà sùn.

Ó ní bó ṣe ń ṣe é. Á kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ pa suìṣì pọ́ǹpù, torí bí pọ́ǹpù kò bá kú, asán ni gbogbo iṣẹ́ yòókù. Á pa iná táǹkì omi gbígbóná, kí irin inú rẹ̀ má baà jóná nígbà tí omi bá tán. Á ṣí ẹ̀rọ omi kékeré tó wà nídìí táǹkì ńlá kí omi máa ṣàn lọ. Á wá gòkè, á ṣí ẹ̀rọ ilé ìdáná, ṣí ti balùwẹ̀, ṣí ti sáúnà, ilé ìwẹ̀ tí wọ́n ń fi iná mú gbóná, tó wà lẹ́yìn ilé, á sì fi gbogbo wọn sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí ẹ̀kán omi tó kù lè rí ọ̀nà gbẹ. Á dín ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru kù, kò ní pa á. Lẹ́yìn náà ló tó wọ bàtà.

Arvid Tolonen, tó ń fi ọkọ̀ kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà gbogbo ilé tó wà níbẹ̀, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bọ́ọ̀sì ni Arvid, irun rẹ̀ ti funfun báyìí, síbẹ̀ kò pe Lempi lórúkọ rí.

"Ìyá Oníbọ́ọ̀sì," ó béèrè ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní, nígbà tó wá gbé e lọ sí pápákọ̀ òfuurufú, "ṣé ẹ ti kọrin fún kànga yín, kó lè sùn?"

"Mo ti kọ ọ́. Ìwọ ni ó kù kí n kọrin fún, bóyá wàá dákẹ́."

"Kànga tiwa kì í sùn o. Ìyàwó mi ò jẹ́ kó sùn."

"Ìyàwó ẹ ò tíì rí omi lórí bẹ́ẹ̀dì ni. Gbé báàgì mi."

Ọ̀dọ̀ Saimi àbúrò rẹ̀ ní Arizona ló ń lọ. Wọ́n ti pààrọ̀ egungun ìbàdí fún Saimi, ó sì nílò ẹni tí yóò máa ràn án lọ́wọ́ fún bí oṣù méjì. Kọ́kọ́rọ́ ilé méjì ló wà: ọ̀kan wà lọ́wọ́ Lempi, ìkejì wà lọ́wọ́ Curtis, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń gbé ní Marquette. Ìyàwó ti kọ Curtis sílẹ̀, ó ń dá gbé, iṣẹ́ títa mọ́tò ló ń ṣe.

Ìparí oṣù kejì ni Curtis pè. Lempi ń gé ọsàn fún Saimi lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ jókòó ná."

"Mo ti jókòó. Kí ló dé?"

"Omi ti ba ilé jẹ́. Páìpù abẹ́ ilé ìdáná ló bẹ́. Arvid rí omi tó ń gba fèrèsé àjà ilẹ̀ jáde, ó ti dì sí ẹ̀gbẹ́ ilé bí òkè. Pọ́ǹpù sáré títí ó fi jóná, Màmá. Ẹ gbàgbé ẹ̀ ni."

"Ta ló gbàgbé? Mo pa á."

"Suìṣì wà ní títàn. Èmi fúnra mi ni mo lọ pa á lánàá."

"Curtis, mo ní mo pa á!"

"Ó dáa, Màmá. Ó dáa."

"Ó dáa" yẹn ló wọ̀ ọ́ lára bí abẹ́rẹ́. Ohùn tí wọ́n fi ń dá ẹni tó ní òun rí òkú lójú fèrèsé lóhùn ni ọmọ rẹ̀ fi sọ ọ́. Ṣé bí àrùn ìgbàgbé ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyí? Ó jókòó ti ọsàn náà, ó pa ojú dé, ó tún sọ̀kalẹ̀ lọ sínú àjà ilẹ̀ náà nínú ọkàn rẹ̀: àtẹ̀gùn, ògiri, suìṣì. Ó rí ọwọ́ rẹ̀ lórí suìṣì. Àmọ́ ṣé ọwọ́ ti ọdún yìí ni, àbí ti èṣí? Ó ti ṣe é tó ogójì ìgbà, gbogbo rẹ̀ ti jọra. Bó ṣe di pé obìnrin tí kì í ṣiyèméjì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì nìyẹn.

Ìròyìn kì í pẹ́ rin ìrìn. Ní ọjọ́ kejì, Lempi gbé omi kọfí kaná, ó yíjú, ó rí Saimi tó ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀ wọ ilé ìdáná.

"Kí lo wá ṣe níbí? Wọ́n ní kí o má dá dìde."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí nǹkan. Mo kàn ní kí n wo gáàsì."

"Kí ló ṣe gáàsì?"

Ojú Saimi wà lára bọ́tìnì gáàsì.

"Curtis ti bá ẹ sọ̀rọ̀," ni Lempi wí.

"Ó ní kí n máa fojú sí yín ni. Ọmọ yín fẹ́ràn yín, ẹ má bínú sí i."

Ẹni tó wá tọ́jú aláìsàn ni wọ́n sọ di aláìsàn! Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Lempi ti padà sí Michigan. Ilé kò ṣeé wọ̀, torí náà Curtis gbé e lọ sílé tirẹ̀, ó fún un ní yàrá kan, ó sì ti bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ó tó dé. Dókítà náà jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin, ó bọ̀wọ̀ fún un púpọ̀. Ó ní kí ó ya aago, láti fi dán iyè rẹ̀ wò. Lempi yà á. Ó ní kí ó sọ ọdún tí a wà àti orúkọ oṣù. Ẹ̀jẹ̀ gun Lempi lójú: òun tó mọ ọjọ́ ìbí ọmọ mẹ́rìnlélógójì lórí, kí ó lè kí wọn bí wọ́n bá ti ń gun bọ́ọ̀sì! Síbẹ̀ ó dáhùn. Dókítà wá sọ ọ̀rọ̀ márùn-ún fún un, ó ní kí ó fi wọ́n pamọ́, òun yóò béèrè wọn tó bá yá. Nígbà tó béèrè wọn, Lempi rántí ọ̀bẹ, ó rántí afárá, ó rántí ewúrẹ́, ó rántí fìlà. Ìkarùn-ún kò wá.

"Àrán ni," ni dókítà wí. "Kò burú rárá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń gbàgbé ọ̀kan."

Curtis mi orí díẹ̀, bí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Lempi rí i. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìgbà tó bá rí aṣọ àrán lára àga tàbí lára ẹnikẹ́ni, a máa yíjú kúrò.

Curtis ti mú ìwé pẹlẹbẹ ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan wá, àwòrán àwọn arúgbó tó ń rẹ́rìn-ín wà lójú rẹ̀. Ó fi í sórí tábìlì níbi tí Lempi ti ń jẹun láàárọ̀. Lempi gbé ife kọfí lé orí àwọn arúgbó náà.

Nígbà tí Gordy Basso, tó ń ṣe iṣẹ́ kànga, ní òun yóò wá fa pọ́ǹpù tó jóná náà jáde lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, Curtis sọ pé kò sí ohun tí màmá òun fẹ́ lọ wò níbẹ̀. Lempi dúró kí Curtis lọ síbi iṣẹ́. Ó pe Arvid.

"Wá gbé mi."

"Curtis ńkọ́?"

"Ṣé Curtis ló ń wa bọ́ọ̀sì yín ni? Mo ní wá gbé mi."

Arvid wá. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan ní gbogbo ọ̀nà, ìyẹn gan-an ló dun Lempi jù. Kí Arvid máa ṣàánú rẹ̀!

Gordy ti fi ẹ̀rọ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ fa páìpù gígùn inú kànga náà jáde nígbà tí wọ́n dé. Pọ́ǹpù náà dùbúlẹ̀ lórí yìnyín, ó dúdú, iyanrìn kún ẹnu rẹ̀.

"Ó sáré títí ó fi kú, Ìyáàfin," ni Gordy wí. "Ó tó ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó fa omi kànga tán, ló wá ń jẹ iyanrìn. Ó ṣe ni láàánú o. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wa, kéèyàn gbàgbé."

Lempi wọ inú ilé. Òórùn pákó jíjẹrà ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Ilẹ̀ ilé ìdáná tí Onni fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ti wú bí ikùn aláìsàn. Ó di ara rẹ̀ mú, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sínú àjà ilẹ̀ tí wọ́n ti fa omi inú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bó ṣe máa ń ṣe nínú bọ́ọ̀sì: ó ń fi ọwọ́ kan nǹkan. Ó kan suìṣì. Ó kan táǹkì omi gbígbóná. Ó tẹ̀ ba, ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ kékeré tó wà nídìí táǹkì ńlá.

Títì ló wà.

Ó tún fọwọ́ kàn án. Wọ́n tì í gbagba. Ó gòkè lọ síbi ẹ̀rọ ilé ìdáná: títì. Ti balùwẹ̀: títì. Ó gba inú yìnyín kọjá lọ sí sáúnà láì wọ ẹ̀wù òtútù, ó gbá ilẹ̀kùn ṣí. Títì! Eérú tuntun wà nínú ààrò, agolo ọtí bíà mẹ́ta sì wà lábẹ́ ìjókòó. Lempi kò mu bíà rí láyé rẹ̀.

"Gordy!" Igbe náà mú kí Arvid sọ̀kalẹ̀ látinú ọkọ̀ rẹ̀. "Gordy, dá mi lóhùn. Bí èèyàn bá gbàgbé láti pa pọ́ǹpù, ṣé ẹ̀rọ á ti ara rẹ̀?"

"Ẹ̀rọ wo?"

"Gbogbo wọn! Mo ṣí wọn nígbà tí mo ń lọ. Ká tiẹ̀ ní mi ò ṣí wọn, ká ní mo gbàgbé gbogbo nǹkan, mi ò kúkú dáná sáúnà láti Arizona!"

Gordy wọlé, ó wò ó, ó jáde, ó bọ́ fìlà rẹ̀. "Rárá o," ó wí. "Ẹnìkan ti lo omi ilé yìí lẹ́yìn yín. Ó ti ẹ̀rọ nígbà tó ń lọ, kò pa pọ́ǹpù. Ẹ tún wò ó, ẹ̀rọ amúlé-móoru, òun ni wọ́n pa pátápátá. Ohun tó mú páìpù dì nìyẹn. Ìyáàfin, ẹ dárí jì mí."

Arvid ló wá ń fi bàtà wa yìnyín. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ìyá Oníbọ́ọ̀sì, mo rò pé ẹ mọ̀ ni."

"Mọ kí ni?"

"Curtis pè mí ní àárín oṣù kejì, ó ní kí n kó yìnyín ojú ọ̀nà yín. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́ta ló wá, wọ́n kó alùpùpù orí yìnyín wá, wọ́n sì lo ìparí ọ̀sẹ̀ níbí. Mo rí èéfín sáúnà. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n wá. Nígbà tí omi wá ṣẹlẹ̀, tó ní ẹ̀yin lẹ gbàgbé, mo ní á jẹ́ pé lẹ́yìn tí wọ́n lọ... mi ò mọ̀. Mi ò ronú."

"O ò ronú," ni Lempi wí. Kò pariwo mọ́. Ó dúró nínú yìnyín, ó ń wo ilé rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń gbóná débi pé kò mọ̀ pé òtútù ń mú òun. Kì í ṣe pé omi ba ilé jẹ́ ló ń ká a lára. Omi a máa ba ilé jẹ́. Òru mélòó ló fi dùbúlẹ̀ ní Arizona tó ń wá ọwọ́ ara rẹ̀ kiri lára ògiri àjà ilẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀? Ó bá ọmọ rẹ̀ lọ síwájú dókítà, ó ya aago fún un bí ọmọ ọdún mẹ́fà, ọmọ náà sì jókòó tì í, ó mọ òótọ́, ó sì ń mi orí!

Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nígbà tí Curtis wọlé, màmá rẹ̀ wà lórí àga tó kọjú sí ilẹ̀kùn. Arvid jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Agolo bíà mẹ́ta wà lórí tábìlì.

"Màmá, Arvid, kí ló..."

"Jókòó. Ta ló ti ẹ̀rọ omi mi?"

"Ẹ̀rọ wo, Màmá?"

"Mo ti wakọ̀ fún ọmọ tó gbọ́n jù ọ́ lọ nídìí irọ́. Ta ló tì í?"

Curtis wo agolo, ó wo Arvid, ó jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka rẹ̀ bí ọmọdé. Ó ní àwọn kàn fẹ́ gun alùpùpù ni. Ó ní òun tan pọ́ǹpù kí àwọn lè wẹ̀. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ìjì fẹ́ dé, àwọn ń kánjú. Òun ti gbogbo ẹ̀rọ, òun pa ẹ̀rọ amúlé-móoru kí gáàsì má baà ṣòfò, òun rò pé ẹlòmíì nínú wọn ti pa pọ́ǹpù.

"Ìyẹn ni ìgbàgbé," ni Lempi wí. "Ìgbàgbé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èmi náà gbàgbé àrán. Tẹ̀síwájú."

"Nígbà tí Arvid pè mí, ẹ̀rù bà mí. Mo ní ó ṣeé ṣe kí àwọn adójútòfò má sanwó ilé tó bà jẹ́ bí wọ́n bá gbọ́ pé àwa ni. Mo ní bó bá jẹ́ àgbàlagbà ló gbàgbé, wọ́n á ṣàánú. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, Màmá, nígbà tó yá, mi ò lè kó o jẹ mọ́. Ẹ wò ó náà, ẹ̀yin nìkan nínú igbó yẹn, lọ́jọ́ orí yín, bó pẹ́ bó yá, ì bá..."

"Pa ẹnu ẹ dé!" Arvid pàápàá fò lórí àga. "Ilé lo bà jẹ́, o ò bẹ̀bẹ̀. O wá gba orí mi, o sọ ọ́ di orí tó ń jò. O jẹ́ kí àbúrò mi máa fi egungun tuntun rìn wá ṣọ́ mi nídìí gáàsì. O jẹ́ kí n rò pé mò ń ya wèrè. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà ẹ́ gbọ́, Curtis! Ṣé o gbọ́? Èmi, ìyá ẹ, mo gba irọ́ ẹ gbọ́, mo kọ ti ọwọ́ ara mi!"

Curtis ti ń sunkún. Lempi kò dá a dúró, kò sì nu ojú rẹ̀.

"Gbé fóònù ẹ," ó wí. "Gbogbo ẹni tí o sọ ọ́ fún, pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Fi ohùn síta kí n gbọ́."

"Gbogbo wọn?"

"Saimi ni ká fi bẹ̀rẹ̀."

Ó pe Saimi. Ó ní, "Àǹtí Saimi, Màmá kò gbàgbé nǹkan kan. Èmi ni." Ọ̀rọ̀ tí Saimi sọ fún Curtis ní èdè Finland ilé bàbá wọn kò ṣeé kọ sínú ìwé. Ó pe ọ́fíìsì dókítà, ó tún un sọ fún nọ́ọ̀sì tó ṣì wà níbi iṣẹ́. Ó pe obìnrin tó ń po kọfí ní ṣọ́ọ̀ṣì Kettu, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti tàn. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹfà, ohùn rẹ̀ ti ha. Ti àwọn adójútòfò, wọ́n ti lọ sílé. Lempi ní kí ó fi ọwọ́ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó buwọ́ lù ú, Arvid sì buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Àwọn adójútòfò san owó apá kan nínú àtúnṣe ilé níkẹyìn. Apá tí wọn kò san, wọ́n ní Curtis ló ni ín.

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é. Látìgbà tí yìnyín ti yọ́, gbogbo Sátidé ló ń wakọ̀ wá láti Marquette, ó ń tú pákó jíjẹrà, ó ń gbé e jáde, ó ń kan tuntun. Gordy sọ pọ́ǹpù míì sínú kànga. Omi pọ́n fún ọjọ́ méjì kó tó mọ́. Lempi gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì gbé e fún Arvid.

Àwọn èèyàn Kettu rò pé ìbínú náà yóò rọ̀ tó bá yá. Àwọn kan tiẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ ni ọmọ ń jẹ́. Ó ní òun mọ̀. Ó ń se oúnjẹ fún un ní gbogbo Sátidé, kò jẹ́ kí ó fi ebi ṣiṣẹ́ rí.

Nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí ilẹ̀ ilé ìdáná ti parí, àwọn méjèèjì jókòó lórí rẹ̀, wọ́n ń jẹ ọbẹ̀ ẹja pẹ̀lú ànàmọ́. Curtis gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ ṣì ń bínú sí mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Lempi wí. "Bu ọbẹ̀ sí i."